Ìwé àwòrán ọmọdé tó ń sọ pé "o ṣe pàtàkì": ibo ni Ọlọ́run wà nínú rẹ̀?

Olùkọ́ Kíláàsì Kékeré

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní kí n yẹ àwọn ìwé àwòrán kíláàsì ọmọdé ìjọ wa wò, kí n yan èyí tí a ó máa kà fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 8, kí n sì kó ìyókù kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rò pé kò ní pẹ́ rárá ti wá di nǹkan tí mò ń rò lóru.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tuntun náà, orin kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ. O lẹ́wà, o gbọ́n, o lágbára, kò sí ẹlòmíì bí ìwọ, Ọlọ́run dá ọ láti tàn. Gbólóhùn kan lójú ìwé kan, pẹ̀lú ọmọ kan tó na ọwọ́ méjèèjì sókè lórí òkè. N kò lè pè é ní irọ́. Sáàmù 139 ẹsẹ 14 náà sọ pé tẹ̀rùtẹ̀rù àti tìyanutìyanu ni a dá wa. Àmọ́ tí mo bá ka mẹ́ta tẹ̀léra, ara mi kì í balẹ̀ mọ́.

Mo wá dán nǹkan kan wò. Mo fi ìrépé bébà bo gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ Ọlọ́run nínú ọ̀kan, mo tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà ò yẹ̀ nípò kankan. Ọmọ náà ṣì borí ìbẹ̀rù, ó ṣì bọ́ síwájú àwọn èèyàn, ó ṣì kọrin, wọ́n ṣì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ìwé ìgbàgbọ́ nìyẹn, àbí ìwé ìwúrí lásán tí wọ́n wọ aṣọ ìjọ fún? Ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ lọ́wọ́.

Màmá Ìbejì

Olùkọ́, ẹ rọra o. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ń kólòlò. Tó bá dìde láti dáhùn ìbéèrè ní iléèwé, àwọn kan á ti máa sín in jẹ kó tó sọ ọ̀rọ̀ kejì. Irú ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kó dànù yẹn ni mò ń kà fún un lálaalẹ́, ibi tí wọ́n ti sọ pé Ọlọ́run kì í ṣe àṣìṣe ló sì máa ń ní kí n tún kà.

Ọmọ tí ayé ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ò nílò ẹni tó máa wá kọ́ ọ ní ìrẹ̀lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó ìwé yẹn kúrò nítorí àwọn ọmọ tí orí wọn ti wú, ẹ rántí àwọn tiwa náà.

Bàbá Ọlọ́mọmẹ́ta

Àkọ́bí tèmi ni kí ẹ wá wò. A ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un dáadáa. Ní báyìí Ọlọ́run ti dá a láti tàn, Ọlọ́run ti dá a láti ṣe olórí, àmọ́ kò dá a láti fọ abọ́. Tí àbúrò rẹ̀ bá borí rẹ̀ nínú eré, ilé ò ní gbà wá mọ́.

Màmá Ìbejì, mi ò bá yín jiyàn o. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíì. Ìwé kan náà ni, àmọ́ ọmọ tiyín rí ìtura níbẹ̀, tèmi rí adé.

Agbaninímọ̀ràn

Àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń gbà nímọ̀ràn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ iyì ara ẹni yìí, ìyẹn bí èèyàn ṣe níyì tó lójú ara rẹ̀, ti gbà wọlé. Ó ti wà nínú ìwé ńlá tí William James, onímọ̀ ọkàn ará Amẹ́ríkà, kọ lórí ìmọ̀ ọkàn ní 1890. Lójú tiẹ̀, ohun tí èèyàn ti ṣe yọrí la óò fi wé ohun tó ń lépa. Èèyàn lè fi kún àṣeyọrí rẹ̀ tàbí kó dín ìlépa kù, iyì náà á ga sí i lọ́nà méjèèjì.

Ariwo rẹ̀ gan-an bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ní Amẹ́ríkà. Ní 1986, ìjọba ìpínlẹ̀ California gbé ìgbìmọ̀ kan dìde torí iyì ara ẹni nìkan, àbọ̀ wọn sì jáde ní 1990. Ìrètí wọn ni pé tí ọmọ bá ti níyì lójú ara rẹ̀, ìwà ipá, oògùn olóró àti ìjákulẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ á dín kù. Ìjọ náà ò gbẹ́yìn. Robert Schuller, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, ti kọ̀wé ní 1982 pé iyì ara ẹni ni Àtúnṣe tuntun tí ìjọ nílò. Jay Adams náà kọ tiẹ̀ ní 1986, ó fi Bíbélì ta ko irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjà tí à ń jà níbí, ó ti pẹ́ tí àwọn baba wọ̀nyẹn ti ń jà á.

Nígbà tí Roy Baumeister àti àwọn mẹ́ta míì wá kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ ní 2003, wọ́n rí i pé gbígbé iyì ara ẹni ga kì í sọ ọmọ di ẹni tó mọ̀wé. Lọ́pọ̀ ìgbà, àṣeyọrí ló ń ṣáájú, tí iyì ń tẹ̀ lé e. Wọ́n gbà pé ẹni tó níyì lójú ara rẹ̀ sábà máa ń láyọ̀ ju ẹni tí kò ní in lọ, n kò fẹ́ fi ìyẹn pa mọ́.

Màmá Ìbejì, èyí tó kù yìí kàn yín. Ní 2009, Joanne Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn máa tún un sọ fún ara wọn pé ẹni tó ṣeé fẹ́ràn làwọn. Àwọn tó ti níyì lójú ara wọn tẹ́lẹ̀, ara wọn yá sí i díẹ̀. Àwọn tí iyì wọn lọ sílẹ̀, tí a tìtorí wọn ṣe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, ṣe ló tún bà wọ́n nínú jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n o, wọn kì í ṣe ọmọdé, mi ò sì ní sọ ọ́ di òfin. Àmọ́ ó jẹ́ kí n máa ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé tó ń ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa pariwo "mo lágbára, mo lẹ́wà". Ọmọ tí kò gbà á gbọ́ á wo inú ara rẹ̀, kò ní rí i níbẹ̀.

Màmá Ìbejì

Mo ti kà á. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: èmi ni mò ń kà á fún ọmọ mi, kì í ṣe òun ló ń pa á létí ara rẹ̀. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀, apá mi wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Agbaninímọ̀ràn

Rárá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ìwádìí sì gbè yín lẹ́yìn. Ní 2015, Eddie Brummelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn jáde láti Netherlands. Wọ́n tẹ̀ lé ọmọ 565 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 7 sí 11, pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Òbí tó gbà pé ọmọ òun ju ọmọ gbogbo ayé lọ, tó sì gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí ẹlòmíì ò lẹ́tọ̀ọ́ sí, ẹ̀mí mo-ju-ẹgbẹ́-mi-lọ ló ń dàgbà nínú ọmọ rẹ̀. Òbí tó kàn ń fi ìfẹ́ hàn, ọmọ tiẹ̀ ló ń ní iyì ara ẹni. Ọ̀tọ̀ ni "o dára ju wọ́n lọ", ọ̀tọ̀ sì ni "mo fẹ́ràn rẹ". Ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí ló ń lọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ra lójú ewé kan náà.

Ọmọ Àná

Kí gbogbo yín tó dá ìwé iyì ara ẹni lẹ́bi tán, ẹ jẹ́ kí èmi tó dàgbà lábẹ́ irú kejì sọ tèmi. Ìwé tiwa, ọkàn dúdú ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iná, pẹ̀lú ojú ńlá kan lójú ọ̀run tó ń wo ọmọ tó jí nǹkan mú. Mo máa ń sùn tí mo fi aṣọ borí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Ọlọ́run lè rí mi kí inú rẹ̀ sì dùn. Tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó wọlé rọ́pò àwọn ìwé tuntun bá jẹ́ ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà.

Olùkọ́ Kíláàsì Kékeré

Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo rí méjì irú wọn nísàlẹ̀ àpótí, àwọn ni mo kọ́kọ́ kó jáde.

Alàgbà Bíbélì

Ẹ kú àríyànjiyàn. Mo fẹ́ kí a wo bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣe ń dá ẹni tó fojú kéré ara rẹ̀ lóhùn, torí ó pọ̀ nínú Bíbélì.

Nínú Ẹ́kísódù 3, Mósè béèrè pé ta lòun tí òun á fi tọ Fáráò lọ. Ká ní ìwé àwòrán òde òní ló fẹ́ dá a lóhùn, ì bá sọ pé: "Mósè, o lágbára, o lè ṣe é, gba ara rẹ gbọ́!" Ohun tí Ọlọ́run sọ ní ẹsẹ 12 ni pé òun á wà pẹ̀lú rẹ̀. Mósè béèrè nípa ara rẹ̀, Ọlọ́run sì fi ara tirẹ̀ dá a lóhùn. Jeremáyà ní ọmọdé lòun. Ọlọ́run ò sọ fún un pé ó ti dàgbà tó. Ó ní kó má bẹ̀rù, òun wà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé jẹ́ kí Fílípì 4:13 ("mo lè ṣe ohun gbogbo nínú ẹni tó ń fún mi lágbára") àti Jeremáyà 29:11 (ibi tí Ọlọ́run ti ní èrò àlàáfíà lòun ń rò sí wọn) sinmi díẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ti àkọ́kọ́, bó ṣe kọ́ láti fara da ebi àti àjẹyó ló ń sọ. Ẹ ya ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé síbẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di nǹkan míì. Ìkejì, àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ sì sọ pé ó di ìgbà tí 70 ọdún bá pé. Kò sí ìwé ọmọdé kankan tí mo ti rí 70 ọdún yẹn.

Bàbá Ọlọ́mọmẹ́ta

Alàgbà, ẹni tó máa ka 70 ọdún fún ọmọ ọdún 5 kó tó sùn, òun ló máa kọ́kọ́ sùn.

Màmá Ìbejì

Ẹ ṣeun, Alàgbà, àmọ́ ẹ fo nǹkan méjì.

Àkọ́kọ́, Gídíónì. Ibi tó fara pa mọ́ sí tó ń pa ọkà ni áńgẹ́lì ti bá a, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì bá a sọ ni pé Olúwa wà pẹ̀lú rẹ̀, ó pè é ní alágbára akọni. Kò tíì gbé idà o! Nítorí náà, Ọlọ́run máa ń pe èèyàn ní orúkọ rere kó tó yẹ ẹ́.

Ìkejì, orí 3 lẹ dúró sí nígbà tẹ́ ẹ sọ ti Mósè. Ẹ ṣí orí 4. Mósè ní ẹnu òun wúwo, ahọ́n òun náà wúwo. Ọmọ mi ni mo rí níbẹ̀. Kí ni Ọlọ́run sọ? Ó ní ta ló dá ẹnu èèyàn? Ta ló dá odi, adití, ẹni tó ríran àti afọ́jú? Ó ní kó máa lọ, òun á wà pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Kò ní "ẹnu rẹ dára, má dá wọn lóhùn", kò sì tú ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Mósè tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kó rán ẹlòmíì, inú bí Ọlọ́run, síbẹ̀ ó fi Áárónì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kún un.

Mo ti ra ìwé àwòrán Mósè tó pọ̀. Apẹ̀rẹ̀ inú odò wà níbẹ̀, igbó tó ń jó wà níbẹ̀, ọ̀pá àti òkun tó pínyà wà níbẹ̀. Ojú ìwé tí ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, mi ò tíì rí i. Ìwé tó ń sọ fún ọmọ mi pé ó ṣe pàtàkì pọ̀ jọjọ, àmọ́ ìtàn ẹni tó dà bí rẹ̀ wà nínú Bíbélì, òun ni wọ́n sì ń fò kọjá.

Alàgbà Bíbélì

Ẹ ti bá mi wí, mo gbà. Mo kíyè sí i pé nínú ọ̀rọ̀ Gídíónì tẹ́ ẹ mú wá náà, "Olúwa wà pẹ̀lú rẹ" ló kọ́kọ́ jáde, kí "akọni" tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó pè é ní akọni lóòótọ́, n kò lè yọ ọ́.

Ayàwòrán

Mo ti ya àwòrán fún irú ìwé yìí, nítorí náà mo mọ bó ṣe ń lọ nínú ilé iṣẹ́. Ojú ìwé 32 ló sábà máa ń jẹ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò pọ̀, àṣẹ tí wọ́n sì máa ń pa fún wa ni pé kí ojú ọmọ dùn lójú ìwé gbogbo. Mo ya ọmọkùnrin kan lẹ́ẹ̀kan tó pa ẹnu dé lójú ìwé ìkẹyìn, ó kàn jókòó ti bàbá rẹ̀. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kí n la ẹnu rẹ̀, kí n fi ife ẹ̀yẹ sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 4 ò mọ̀wé kà, àwòrán ló ń kà. Tí ọ̀rọ̀ bá ní Ọlọ́run fẹ́ràn gbogbo ọmọ, tí gbogbo ọmọ inú àwòrán sì rẹwà, tí aṣọ gbogbo wọn tuntun, tí èyí tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ wà ní kọ̀rọ̀ ojú ìwé, tó sì jẹ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan la rí, ọmọ ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Tí ife ẹ̀yẹ bá wà lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí Ọlọ́run ń rẹ́rìn-ín sí i, ọmọ á gbà pé nítorí ife náà ló ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kò sí gbólóhùn tó lè yọ ìyẹn kúrò lójú rẹ̀.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Bíṣọ́ọ̀bù ni Comenius, ẹni tó tẹ ìwé àwòrán ọmọdé jáde ní Nuremberg, ní Jámánì, ní 1658, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Àkòrí 150 ló ní. Ọlọ́run ló wà ní ti àkọ́kọ́, ìdájọ́ ìkẹyìn ló wà ní ti ìparí, gbogbo ayé, ẹranko, iṣẹ́ ọwọ́ àti ara èèyàn sì wà láàárín. Ọmọ tó ṣí i á rí ara rẹ̀ láàárín ohun tó pọ̀ jù ú lọ. Nínú ìwé tí wọ́n ń bẹ̀ mí yà báyìí, ọmọ nìkan ló wà láti èèpo dé èèpo.

Òǹkọ̀wé Ọmọdé

Ayàwòrán ti sọ tiẹ̀, èmi náà á sọ tèmi. Wọ́n ní kí n yọ ọ̀rọ̀ "ẹ̀ṣẹ̀" kúrò nínú ìwé mi kan, wọ́n ní ó le jù fún ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Mo yọ ọ́. Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, ìdáríjì náà ò ní ibi tó máa jókòó sí mọ́, mo bá yọ òun náà. Ohun tó kù nílẹ̀ ni "o dára gan-an".

Àmọ́ ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Ẹ wo ìwé tí Max Lucado kọ ní 1997, *You Are Special*. Àwọn ọmọ onígi ń lẹ ìràwọ̀ wúrà mọ́ ẹni tó bá mọ nǹkan ṣe, wọ́n ń lẹ àmì eérú mọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan tí àmì bo gbogbo ara rẹ̀ tọ agbẹ́gi tó gbẹ́ ẹ lọ. Ẹ wo ìparí rẹ̀: kò gba ìràwọ̀ kankan, kò di ẹni tó mọ nǹkan ṣe, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tí agbẹ́gi sọ gbọ́, àmì kan ṣoṣo sì jábọ́. Ẹ fi bébà Olùkọ́ bo agbẹ́gi náà, kò sí ìtàn mọ́.

Ọmọ Àná

Ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́? Òǹkọ̀wé, tẹ́ ẹ bá dá a padà, báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́ tí ọmọ ò fi ní sùn bí èmi ṣe sùn?

Òǹkọ̀wé Ọmọdé

Màá jẹ́ kí ìfẹ́ ṣáájú. Sákéù, agbowó orí tó gun igi kó lè rí Jésù, ni mo máa ń lò. Jésù ò dúró kó sọ̀kalẹ̀ wá tọrọ ìdáríjì ná. Ó pe orúkọ rẹ̀ lórí igi, ó ní òun gbọ́dọ̀ wọ̀ sí ilé rẹ̀ lónìí. Àárín ilé yẹn ni Sákéù ti dìde pé òun á dá owó tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ á gbọ́ pé ohun tó ṣe burú, á sì ti mọ̀ pé àlejò náà ò ní torí ẹ̀ jáde.

Olùkọ́ Kíláàsì Kékeré

Ẹ ṣé púpọ̀. Ohun tí mo máa ṣe rèé. Màá tún fi bébà bo orúkọ Ọlọ́run nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Màá sì wo ojú ìwé ìkẹyìn: tí ọmọ inú ìtàn bá já kulẹ̀ níbẹ̀, tí kò gba ife, ṣé ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ṣì dúró? Èyí tó bá yege, ó wọlé. Èyí tí kò bá yege ṣùgbọ́n tí kò ní ìpalára, a ó fún àwọn òbí tó bá béèrè, irú Màmá Ìbejì tó mọ ìdí tí òun fi ń kà á. Àwọn tó ní iná àti ojú ńlá, wọ́n ti kúrò nílé.

Ohun kan ló kù. Ojú ìwé Mósè tí wọ́n ń fò yẹn, ṣé a ò lè ṣe é fúnra wa fún kíláàsì? Òǹkọ̀wé wà níbí, Ayàwòrán wà níbí.

Òǹkọ̀wé Ọmọdé

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn Mósè máa já sí méjì, àyè funfun ńlá á wà láàárín, ẹni tó ń kà á sì gbọ́dọ̀ dúró. Màmá Ìbejì, ẹ bá mi bi ọmọ yín bóyá á dùn ún tí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ní á dùn òun, màá yí i padà.

Ayàwòrán

Mo gbà láti yà á. Mi ò ní fi ẹnu Mósè ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú Áárónì ni mo fẹ́ yà dáadáa, bó ṣe ń fetí sílẹ̀ tí kò bá a parí ọ̀rọ̀. Ìbéèrè mi kan ṣoṣo: Ẹ́kísódù 7:7 ní ẹni 80 ọdún ni Mósè nígbà tó bá Fáráò sọ̀rọ̀, Áárónì sì jẹ́ 83. Gbogbo ìwé tí mo mọ̀ ń ya ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára. Ṣé kí n yà á bó ṣe wà, tòun ti irun funfun?

Màmá Ìbejì

Ẹ ya 80 gan-an. Mo sì ti bi ọmọ mi ní ti àyè funfun yẹn: ó ní kí ẹ fi í sílẹ̀, àmọ́ kí ẹ má fún Fáráò láyè láti rẹ́rìn-ín níbẹ̀.